Àáyá Tí Mo Fò Nínú Ìwé Bàbá Aláago

"Àáyá wo? Saidat, jọ̀ọ́, àáyá wo lò ń wí? Ọ̀rọ̀ aago là ń sọ, o lọ ń fa ẹranko igbó wọ̀ ọ́!"

"Ìwọ lẹranko. Mú ìwé yẹn jáde nínú àpò ẹ. Mú un jáde, kí gbogbo Ojúwòyè bá wa kà á."

"Ṣebí mo ti ní aago ló ṣe àṣìṣe? Mo lọ sọ ọ́ ní Yaba lánàá, nínú máìkì, wọ́n tún ká a sí fóònù. Kí lo tún fẹ́ kí n ṣe?"

"Wọ́n ká a sí fóònù, mo ti rí i. Aago ló ṣe àṣìṣe!" Ó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, pà! "Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin ará àdúgbò. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni bàbá mi ti ń tún aago ṣe níbí. Ọmọ yìí wá wẹ ara ẹ̀ mọ́, ó di ẹ̀bi ru aago. Kànmí, ojú ò tiẹ̀ tì ẹ́?"

Ojú ń tì mí. Ohun tí mi ò fẹ́ kó rí gan-an nìyẹn, òun ni mo ṣe ń pariwo. Ẹni tó bá mọ èmi Ayọ̀kànmí dáadáa mọ̀ pé tí ohùn mi bá ti ń lọ sókè, mo ti jẹ̀bi nìyẹn.

Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe rí.

Bàbá tí à ń jà lé lórí, Síkírù Ọláìtán lorúkọ wọn, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá dé Ojúwòyè tẹ́ ẹ ní ẹ ń wá Síkírù, kò sẹ́ni tó máa dá yín lóhùn. Bàbá Aláago ni gbogbo Mushin mọ̀. Saidat tó ń bú mi yìí ni àkọ́bí wọn, ó ń ránṣọ níwájú ṣọ́ọ̀bù bàbá ẹ̀, èmi àti ẹ̀ la jọ wọ iléèwé lọ́dún kan náà. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni Bàbá, Òtò lẹ́bàá Ìddó ni wọ́n ti kọ́ṣẹ́ nígbà tí wọn ò tíì hu irùngbọ̀n. Ṣọ́ọ̀bù wọn ò ju ibi tí èèyàn méjì á jókòó sí tí eékún wọn á máa kan ara wọn. Gíláàsì kékeré kan wà tí wọ́n máa ń há sójú ọ̀tún. Tí wọ́n bá fi wò yín, ẹ ó rò pé wọ́n ti rí ohun tẹ́ ẹ jẹ láàárọ̀.

Fóònù ti pa iṣẹ́ ọ̀hún, ká sọ òótọ́. Ọ̀pọ̀ tó ń wá báyìí, bátìrì ni wọ́n fẹ́ pààrọ̀, tàbí okùn aago. Àmọ́ tí Bàbá bá ní kẹ́ ẹ wá gba tiyín ní aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú méje, ẹ má dé ní mẹ́rin kọjá mẹ́jọ, torí wọ́n á ti máa wo ẹnu ọ̀nà. Ọ̀gá tó kọ́ wọn níṣẹ́ ló ní aláago tó bá pẹ́, ọwọ́ ẹ̀ ló purọ́. Láyé, ẹ ò lè gbọ́ "ó ku díẹ̀" lẹ́nu Bàbá Aláago. Wọ́n á sọ iye tó kù gan-an fún yín.

Òfin kan tún wà níbẹ̀: ẹni tó bá fi gẹ̀ẹ́sì dá Bàbá lóhùn, ó máa yí kọ́kọ́rọ́ gbogbo aago ògiri tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù. Mọ́kànlá ni wọ́n. Èmi tí wọ́n bí sí Mushin, tí mo ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ní ọ́fíìsì kan ní Yaba, ẹ̀yin náà ẹ fojú inú wo bí apá ṣe máa ń ro mí.

Èmi ni mo mú ṣógì wọ ṣọ́ọ̀bù yẹn. Ayò àwọn ará Japan ni. Ilé mẹ́sàn-án ní ìbú, mẹ́sàn-án ní òró. Ọba wà níbẹ̀, wúrà wà, fàdákà wà, ọ̀kọ̀ wà. Ohun tó fi yàtọ̀ sí dráfù ni pé tẹ́ ẹ bá pa ọmọ ẹnìkejì, ọmọ ọ̀hún ò kú. Ó di tiyín. Ẹ lè gbé e padà sórí ọpọ́n nígbà tó bá wù yín, kó dojú kọ ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀. Ìgbà tí mo sọ ìyẹn fún Bàbá, wọ́n yọ gíláàsì ojú ọ̀tún.

"Ìyẹn ni pé kò sóhun tó ń ṣòfò?"

"Kò sí, Bàbá."

"Ṣọ́ọ̀bù mi gan-an nìyẹn." Wọ́n nawọ́ sí dúrọ́ọ̀ tí wọ́n kó ẹ̀yà ara àwọn aago tó ti kú sí.

Mo gé páálí, mo kọ orúkọ Yorùbá sára wọn. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, Bàbá ti ń nà mí. Nígbà tó di oṣù kẹfà, wọ́n ń nà mí, wọ́n tún ń tún aago oníbàárà ṣe lọ́wọ́ kan.

Ní ọ́fíìsì, èmi àti Victor, ọ̀gá mi, ń kọ ètò kan tó ń ta ṣógì fúnra ẹ̀. Victor ló kọ ọpọlọ ẹ̀, èmi ló ní aago. Ẹ má fi aago ṣeré o. Nínú ṣógì orí kọ̀ǹpútà, ẹnì kọ̀ọ̀kan ló ní àkókò tiẹ̀. Tó bá kàn yín láti ta, tiyín ń sáré. Tẹ́ ẹ bá ta tán, tiyín dúró, ti ẹnìkejì bẹ̀rẹ̀. Tí àkókò yín bá wá tán pátápátá, ẹ ò tíì kú. Ìgbà yẹn ni wọ́n á máa bu díẹ̀díẹ̀ fún yín: ìwọ̀nba fún títa kọ̀ọ̀kan. Tẹ́ ẹ bá ta kó tó pé, ó tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ fún títa tó kàn. Tẹ́ ẹ bá jẹ́ kó pé, ó parí, ẹ ti fìdí rẹmi, ì báà jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ ń na ẹnìkejì bọ̀. Ó dà bí omi ẹ̀rọ àdúgbò wa: bọ́kẹ́ẹ̀tì kan ni fún ìlà kan, èyí tẹ́ ẹ ò bá pọn, ẹnikẹ́ni ò ní bá yín fi pamọ́ dọ̀la. Irú míì wà tó jẹ́ pé èyí tó ṣẹ́kù á máa lé lórí ti títa tó kàn. Tiwa kọ́ nìyẹn.

Kọ̀ǹpútà gan-an ń bẹ̀rù aago ju èèyàn lọ. Mo kọ ọ́ fún un pé tó bá ti ku bíńtín, kó yára ta èyí tó bá wà lọ́wọ́ ẹ̀, kó má rò ó mọ́, torí ìńtánẹ́ẹ̀tì lè fà á lẹ́sẹ̀. Sẹ́kọ́ǹdì kan, ẹgbẹ̀rún kan lẹ̀rọ ń kà á sí. Nítorí náà, fún títa kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn tí àkókò bá tán, mo kọ ẹgbàárùn-ún. Sẹ́kọ́ǹdì mẹ́wàá. Ó yé ẹ̀rọ kíá.

Victor wá fẹ́ fi ètò ọ̀hún han àwọn èèyàn níbi ìpàdé tí à ń ṣe ní ọ́fíìsì ní Yaba, ní ọjọ́ Sátidé kan, lọ́sàn-án. Ó ní òun fẹ́ ẹni tó máa bá a ta. Mo ní mo ní bàbá kan ní Mushin.

Bàbá gbà. Ẹ ò rí bí inú wọn ṣe dùn tó, wọ́n kàn ń díbọ́n ni. Wọ́n ní kí n kọ òfin aago ọ̀hún sílẹ̀ fáwọn, ní Yorùbá, káwọn lè kà á sórí. Mo wà lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ Márúwá, mo ń tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù, ọwọ́ mi ń yára bí ìgbà gbogbo. Mínìtì ò ṣòro, mo kọ mínìtì. Sẹ́kọ́ǹdì ni mo ti dúró. Kí ni wọ́n ń pe sẹ́kọ́ǹdì ní Yorùbá? Mo rò ó: ìṣẹ́jú. Ojú ṣẹ́, ó ti tán. Kí ló tún yá tó ìyẹn? Mo bá kọ ọ́ báyìí: *Mínìtì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Tó bá tán, ìṣẹ́jú mẹ́wàá fún títa kọ̀ọ̀kan.* Mo tiẹ̀ yin ara mi. Mo tẹ̀ ẹ́ jáde sórí bébà, mo gbé e fún Bàbá.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́ Yorùbá ti rí ibi tí mo ti bà á jẹ́. Ìṣẹ́jú, mínìtì náà ni. Sẹ́kọ́ǹdì, ìṣẹ́jú àáyá ni. Ojú èèyàn kọ́, ojú àáyá ni, tó ń ṣẹ́ wàràwàrà lórí igi. Mo fo àáyá.

Bàbá sì bi mí o. Ibi tó ń dùn mí jù nìyí. Wọ́n ka ìwé ọ̀hún lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ní:

"Kànmí, ìṣẹ́jú mẹ́wàá, fún títa ẹyọ kan? Ṣé kò ti pọ̀ jù? Eré yìí ò ní tán lónìí."

Fóònù mi ni mò ń wò. "Bẹ́ẹ̀ ni o, Bàbá. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ má da ara yín láàmú."

"Ó dáa. Àwọn ará Japan yẹn mà ní sùúrù o."

Ọjọ́ Sátidé pé. Aago méjì la pè wọ́n, aago méjì ku ìṣẹ́jú kan ni Bàbá wọlé, nínú bùbá funfun, pẹ̀lú aago ọwọ́ tí ọ̀gá wọn fún wọn nígbà tí wọ́n gba òmìnira. Saidat tẹ̀ lé wọn, àwọn bàbá mẹ́ta tí wọ́n jọ ń ta dráfù ní Mushin náà tẹ̀ lé wọn. Gbogbo èèyàn tó wà níbẹ̀ á tó ọgọ́rin.

Bí a ṣe tò ó nìyí. Ọpọ́n páálí wà lórí tábìlì níwájú Bàbá. Èmi jókòó ní òdìkejì, kọ̀ǹpútà kọjú sí mi. Tí Bàbá bá ta, màá tẹ̀ ẹ́ wọlé. Tí ẹ̀rọ bá ta, màá bá a gbé ọmọ ẹ̀. Aago wá ń hàn gàdàgbà lára ògiri, lẹ́yìn Bàbá. Gbogbo ọgọ́rin èèyàn rí i. Bàbá nìkan ló kẹ̀yìn sí i.

Bàbá ta ayò lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n pa ọmọ lọ́wọ́ ẹ̀rọ, wọ́n tò ó síwájú ara wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni to ẹ̀yà aago. Victor bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sọ sí mi létí: "Kànmí, bàbá yìí ń na ẹ̀rọ wa o." Ohùn ẹ̀ ò dùn. Àwọn tó pè pé kí wọ́n wá wo ètò náà wà níwájú pátápátá.

Mínìtì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún Bàbá tán. Kọ̀ǹpútà dún, pí. Nọ́ńbà ara ògiri di pupa.

"Bàbá, àkókò yín ti tán o. Ó ti di ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá."

"Mo gbọ́."

Ẹ wá wo ohun tí Bàbá ṣe. Wọ́n bọ́ awò ojú wọn, wọ́n fi etí bùbá nù ún. Wọ́n ṣí omi tó wà lórí tábìlì, wọ́n mu ún, gbì, gbì. Àwọn èèyàn ti ń ka nọ́ńbà pupa tó wà lẹ́yìn wọn yẹn sókè: márùn-ún! mẹ́rin! mẹ́ta! Bàbá gbọ́wọ́ sókè láìbojú wẹ̀yìn, wọ́n juwọ́ sí wọn. Wọ́n rò pé wọ́n ń kí àwọn ni. Wọ́n wá mú ọmọ fàdákà kan nínú àwọn tí wọ́n ti pa, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n gbé e lọ síwájú ọba ẹ̀rọ.

Pííííí.

"Àkókò ti tán," ni mo wí. "Bàbá, ẹ ti pàdánù."

"Àkókò wo ló tán?" Fàdákà ṣì wà lókè lọ́wọ́ wọn. "Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó o wí ńkọ́?"

"Ó ti pé tipẹ́, Bàbá."

Wọ́n na aago ọwọ́ wọn sí mi lójú. "Wò ó. Ìṣẹ́jú kan ò tíì kọjá."

Ìgbà yẹn ló yé mi. Mo fi orúkọ Ọlọ́run búra, ìgbà yẹn gan-an ló yé mi, bí ẹni tí wọ́n da omi yìnyín sí lẹ́yìn. Ìwé mi wà lórí tábìlì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi. Gbólóhùn kan péré ni mo ní láti sọ: ẹ dúró, èmi ni mo kọ ọ́ sí òdì. Victor wà lẹ́yìn mi. Àwọn tó wá wo ètò wà níwájú. Ẹnì kan wá pariwo látẹ̀yìn:

"Aago na aláago!"

Gbogbo ilé fọ́n sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú àwọn bàbá onídráfù fọwọ́ bo ẹnu, èjìká ẹ̀ ń mì. Èmi náà mú ìwé yẹn, mo ká a mẹ́rin, mo fi í sápò. Mo sì bá wọn rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ńlá. Mi ò lè sọ pé ó ṣèèṣì jáde.

Bàbá gbé fàdákà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọpọ́n, jẹ́jẹ́. Wọ́n ní, "Ẹ ṣeun o," wọ́n dìde, Saidat sì tẹ̀ lé wọn. Nígbà tó yá, mo dá tẹ fàdákà yẹn wọlé láti wo ibi tó ń lọ. Ẹ̀rọ tiwa fúnra ẹ̀ sọ fún mi: títa mẹ́ta sí i, ọba wa ti kú.

Lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, ẹ ò lè jókòó sídìí dráfù ní Ojúwòyè kẹ́ ẹ má gbọ́ ọ. "Aago na aláago." Ọmọ tó ń ta káàdì fóònù lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́ṣáláṣí ń sọ ọ́. Oníbàárà kan wá gba aago ẹ̀, ó ní, "Bàbá, ṣé ó dá yín lójú pé ó bá àkókò mu, àbí ká bi kọ̀ǹpútà?" Ó kàn ń ṣeré ni. Bàbá ò lọ sídìí dráfù mọ́. Wọn ò ta ṣógì mọ́. Saidat sọ fún mi pé ẹnì kan bi wọ́n ìgbà tí aago òun máa jáde, wọ́n ní: "Ó ku díẹ̀."

Bàbá Aláago. Ó ku díẹ̀.

Saidat ti mọ̀ nípa ìwé ọ̀hún, bàbá ẹ̀ ti kà á fún un lórí kí wọ́n tó lọ. Ó ní kí n lọ sọ òótọ́ fún àwọn ará Yaba nígbà tí wọ́n bá tún pé jọ. Mo ní màá sọ ọ́. Ó di Sátidé, ọjọ́ tó ṣáájú ìjà wa yìí, wọ́n pé jọ, mo gba máìkì. Ọ̀rọ̀ yẹn wà lẹ́nu mi, mo búra. Mo wo Victor. Mo ní, "Ẹ rántí bàbá ọjọ́sí? Aago wa ló ní àṣìṣe díẹ̀. A ti tún un ṣe." Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Fún èmi!

Ìdí tí mo fi dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Sọ́ńdè nìyẹn, tí Saidat nawọ́ sí mi pé kí n mú ìwé jáde. Mo mú un jáde níkẹyìn. Ó já a gbà, ó kà á sókè, ó sì dúró lórí ìṣẹ́jú, ó ní, "Àáyá dà?" Àwọn èèyàn ti ń dúró wò wá.

"Saidat." Bàbá ni, látinú ṣọ́ọ̀bù. "Fi í sílẹ̀. Kànmí, wọlé."

Mo wọlé, mo dọ̀bálẹ̀. Ibẹ̀ kéré débi pé orí mi wọ abẹ́ tábìlì. Gbogbo aago mọ́kànlá ń dún lókè mi.

"Bàbá, ẹ foríjì mí. Mi ò mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè é."

"Àìmọ̀ yẹn ò bí mi nínú. Aago tó dáa náà ń ṣe àṣìṣe, òun ni mo fi ń jẹun. Ìgbà wo lo mọ̀?"

"Ọjọ́ yẹn náà, Bàbá. Ìgbà tẹ́ ẹ na aago ọwọ́ yín sí mi."

"Kí wọ́n tó rẹ́rìn-ín ni, àbí lẹ́yìn ẹ̀?"

Wọ́n dúró. Bàbá mọ bí wọ́n ṣe ń dúró.

"Kí wọ́n tó rẹ́rìn-ín ni."

"Ìwọ náà rẹ́rìn-ín."

"Mo rẹ́rìn-ín, Bàbá."

Wọ́n gbé aago ọwọ́ obìnrin kan, wọ́n ṣí ẹ̀yìn ẹ̀, wọ́n ń wò ó. "Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lo ṣèlérí fún mi. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá ni mo rí lò nínú ẹ̀. Èló ló kù?"

Mo kà á lábẹ́ tábìlì. "Ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án àti àádọ́ta ìṣẹ́jú àáyá."

"O wá mọ̀ ọ́n pè báyìí. Òun lo jẹ mí. Mi ò ní gbà á nínú ṣọ́ọ̀bù. Kọ̀rọ̀ lo ti ń bẹ̀ mí, gbangba lo ti tà mí. Níwájú àwọn tó rẹ́rìn-ín ni wàá ti san án, èmi á jókòó sídìí ọpọ́n mi, fàdákà mi á wà lọ́wọ́ mi, wàá sì sọ fún wọn ohun tó o kọ. Dìde, o ti dí ọ̀nà."

"Bàbá, ìgbà wo ni kí n wá mú yín?"

Wọ́n há gíláàsì sójú ọ̀tún. Wọn ò wò mí.

"Ó ku díẹ̀," ni wọ́n wí.

Ó ti di oṣù méjì báyìí. Wọ́n ti pé jọ ní Yaba lẹ́ẹ̀mejì lẹ́yìn ẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, mo ní ibà ń ṣe mí. Lẹ́ẹ̀kejì, mo múra, mo dé Ojúwòyè láti wá mú Bàbá, mo rí wọn látòdìkejì títì. Wọ́n jókòó, wọ́n wọ bùbá funfun yẹn, wọ́n ń wo ẹnu ọ̀nà. Mo wọ kẹ̀kẹ́, mo ní kí oníkẹ̀kẹ́ máa lọ.

Ìwé ọ̀hún ti padà sápò mi, Saidat ló jù ú lù mí. Mo ti fi bírò kọ *àáyá* sí i, lẹ́tà wíńníwínní, sáàárín ìṣẹ́jú àti mẹ́wàá. Ìyẹn ò dín nǹkan kan kù. Ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án àti àádọ́ta ìṣẹ́jú àáyá. Ó ṣì pé bẹ́ẹ̀ lọ́rùn mi.